Lẹ́tà ṣíṣí sí Ààrẹ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà àti olùṣe fíìmù, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù Yorùbá: ẹ sanwó fún ẹni tó ń kọ ìtàn

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá àti àǹtí wa nídìí iṣẹ́ tíátà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Òǹwòran ni mí. Mi ò ṣe fíìmù rí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni nínú yín jà, àmọ́ owó mi ni mo fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, dátà mi ló ń jó tí mo bá ń wo YouTube, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sí gbangba ni èsì táwọn kan nínú yín máa ń fún wa tá a bá ṣàròyé. Èèyàn á wo fíìmù tán, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtàn yìí ò lórí ò nídìí, kò bú ẹnikẹ́ni, àfi kẹ́ ẹ rí i tí wọ́n á ní ọ̀tá ni, tí wọ́n á ní tó bá rọrùn kó lọ ṣe tiẹ̀, tí wọ́n á sì dí i lọ́nà kó má lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ń wò, ẹgbẹ́ ò sọ nǹkan kan. Tó bá tún wá di December, àwa yìí kan náà lẹ máa ń bẹ̀ pé ká wá sí sinimá, ẹ ó dá aṣọ ẹbí, ẹ ó máa jó lórí Instagram láàárọ̀ lálẹ́, a ó sì wá, torí pé a fẹ́ràn yín. Ohun tá à ń bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

1. Ìtàn ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn. Fíìmù Yorùbá tá a ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní, kò sí èyí tí ẹnìkan ò jókòó tì kó tó di pé wọ́n gbé kámẹ́rà. Ẹ wo Ṣaworoidẹ tó jáde ní 1999, Túndé Kèlání ló darí ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ní ìlú Jogbo, ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ kó sì búra, Lápité wá yarí pé òun ò ní sín gbẹ́rẹ́ kankan, torí ó ti mọ ohun tóun fẹ́ lọ fi oyè yẹn ṣe. Látorí kíkọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tó kù ti jáde, àwọn agégẹdú tó ń run igbó, àwọn ìjòyè tó ń gbàbọ̀dè, àwọn ọ̀dọ́ tó fárígá, ṣọ́jà tó wá gbàjọba. Ẹ wá ibì kan tẹ́ ẹ lè gé dànù nínú ẹ̀ tí ìtàn ò ní já, ẹ ò lè rí i. Ọmọ kékeré á wo ó, á gbádùn ìlù àti orin, bàbá ẹ̀ á wo ó, á mọ̀ pé ìjọba ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí wa nígbà yẹn ni wọ́n ń bá wí, àwọn méjèèjì á sì jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́.

Ẹ wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, 1993. Olóyè Aṣíyanbí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ta ilẹ̀ òrìṣà fún àwọn tó fẹ́ fi kọ́ ilé epo, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, ẹ̀rù wá ń ba Bàbá Wándé tó ṣe Aṣíyanbí. Ẹ̀rù yẹn ni fíìmù, kò sí idán kankan tó pọ̀ níbẹ̀ jù ojú Bàbá Wándé lọ. Ẹ tún wo Ó Le Kú, 1997, ọ̀rọ̀ Àjàní tí kò mọ èyí tó máa fẹ́ nínú àwọn obìnrin mẹ́ta, ká sọ tòótọ́ kí ló wà níbẹ̀ tó le? Síbẹ̀ ìtàn yẹn wọlé sára débi pé àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kékeré pẹ̀lú bùbá tí wọ́n ń pè ní Ó le kú, títí di báa ti ń wí yìí télọ̀ ṣì mọ̀ ọ́n lórúkọ yẹn.

Ẹ má sì rò pé fíìmù àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni mo fẹ́. Mo fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Jénífà ti 2008, gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, Ṣùlíà ọmọ abúlé tó dé yunifásítì tó fẹ́ di big girl lọ́sàn-án kan òru kan, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ mọ ọmọ náà dunjú, ó mọ ohun tó ń wá, ó mọ ohun tó ń tì í lójú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín yẹn fi ń dunni tá a bá rántí ẹ̀. Bàbá Sàlà pàápàá, Ọ̀run Móoru tí wọ́n ṣe ní 1982, tí àwọn olè ṣe àdàkọ ẹ̀ tí wọ́n fi ba òwò jẹ́ mọ́ bàbá lọ́wọ́, ìṣòro tálákà tó fẹ́ lówó ni bàbá mú ṣàwàdà. Àwàdà lórí nǹkan kan ni, kì í ṣe kí ọkùnrin wọ búrẹ́sìà kó máa sá kiri fún ìṣẹ́jú ogún.

2. Ẹ ò lè sọ pé owó ló fà á mọ́. Nígbà kan mo máa ń gbèjà yín lórí ìyẹn, mo máa ń sọ pé ẹ bá wọn ṣe é, wọn ò rówó. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé, A Tribe Called Judah, tó jáde ní December 2023, ló kọ́kọ́ pa tó bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá nínú àwọn fíìmù ilẹ̀ wa yìí, owó àwa òǹwòran ni, a sì ti ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ látìgbà yẹn. Netflix ti wọlé. Kúnlé Afọláyan ṣe Aníkúlápó lọ́dún 2022, gbogbo ayé wò ó, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe Jagun Jagun lọ́dún 2023, gbogbo ayé tún wò ó. Inú mi dùn sí méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ èrò mi lórí wọn láìpọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Aníkúlápó dáa torí pé Saro fúnra ẹ̀ ló ba ayé ara ẹ̀ jẹ́. Ahunṣọ ni nígbà tó dé Ọ̀yọ́, kò ní nǹkan kan, obìnrin gbà á, ó tún lọ fẹ́ ìyàwó ọba, ó kú, ẹyẹ àkàlà jí i, ó rí agbára tí ẹnikẹ́ni ò ní, kó dúró jẹ́ẹ́ kó máa jayé orí ẹ̀ ó tì o, ó di ẹni tó ń yan ọba jẹ. Àrọlákẹ́ tó tìtorí ẹ̀ fi ààfin sílẹ̀ ló wá fìyà jẹ. Nígbà tí fíìmù yẹn parí mo mọ̀ pé ó ti parí, ọkàn mi balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí mi ò fi gba tèyí tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ẹ̀ ní 2024, ìtàn tó ti délé, kí la tún ń pè é padà sọ́nà ṣe?

Jagun Jagun ńkọ́, ìjà ibẹ̀ dáa, aṣọ dáa, igbó dáa, ọmọ tó ń bá igi sọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an, Ògúndìjì sì dẹ́rù bani lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó di ìdajì kejì, idán ń tẹ̀ lé idán, orí ń já bọ́, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ ṣàánú mọ́. Ó ṣì dáa ju ọ̀pọ̀ lọ. Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ ni àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ṣe lẹ kàn rí idà àti ẹṣin, gbogbo yín bá kó wọ igbó. Lójoojúmọ́ la ń rí ìlú kan tí ò lórúkọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí ọba ẹ̀ ń bá ọba kejì jà, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Jogbo náà ò sí lórí ilẹ̀ ayé, àmọ́ a mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Tó bá jẹ́ ogun lẹ ń wá, ogun Kírìjí wà ńbẹ̀, 1877 sí 1893, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, Ògèdèǹgbé lọ́hùn-ún, Látòósà níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ìdílé kan náà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn tí Ìbàdàn rán lọ ṣàkóso ìlú wọn. Ta ló dí yín lọ́nà kẹ́ ẹ jókòó kà á fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó yà á?

3. YouTube. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti ń jẹun báyìí, àwọn mákẹ́tà tó ń ta CD ti kógbá wọlé, mi ò bá yín wí fún ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ kí ló dé tí mọ́tò fi gbọ́dọ̀ wọlé nínú gbogbo fíìmù? Mọ́tò á dé ẹnu géètì, á fọn họ́ọ̀nù, mègáàdì á sáré wá, á ṣí apá kan, á ṣí apá kejì, mọ́tò á rọra wọlé, ọ̀gá á ṣì jókòó sínú ẹ̀, á wo fóònù, á sọ̀ kalẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, orin á sì máa lọ lábẹ́ ẹ̀ tó ń ro gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù fún wa kó tó ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rẹ́ máa dalẹ̀, pé ìyàwó máa sunkún, ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni dátà ti lọ.

Bó bá wá di ibi tó fẹ́ dùn, tí ọkọ ti mú èsì DNA lọ́wọ́ tó fẹ́ ṣí i, ojú fíìmù á ṣú, ẹ ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká máa retí apá kejì. Apá kejì á dé, ohun tá a ti wò ní apá kìíní lẹ máa kọ́kọ́ fi hàn wá fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn tá à ń dúró dè ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wọn á kúnlẹ̀ bẹ ara wọn, ó parí. Kì í ṣe apá ló burú. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí mo yìn lókè yẹn, apá mẹ́ta ló ní, àmọ́ apá kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan tuntun wá. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí, ìtàn ìṣẹ́jú ogójì lẹ̀ ń nà. A tún ti ń rí fíìmù àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà, tí wọ́n fi àwòrán òṣèré tó ń lọ lásìkò yìí síwájú ẹ̀, tá a bá wò ó tán, ìgbà kan péré ni òṣèré náà yọjú. Ìrẹ́jẹ ni, mi ò ní orúkọ míì tí mo fẹ́ pè é.

4. Èdè. Èyí máa ń dùn mí dé eegun. Balógun á wọ gbérí, á di ìfúnpá, ẹṣin ń bẹ lábẹ́ ẹ̀, òyìnbó ò tíì dé ilẹ̀ wa, ó ya ẹnu, “sọ́rì” ló jáde. Mo ti gbọ́ ọ o, kì í sì í ṣe nínú fíìmù kan. Ọba ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìjòyè lóhùn, olorì ń sọ̀rọ̀ sí ìyá ọba láìkúnlẹ̀, akígbe ò mọ oríkì ìlú tó ń ké. Ọfọ̀ wá di ariwo lásán. Ọfọ̀ ní bó ṣe ń lọ, wọ́n á pe nǹkan lórúkọ, wọ́n á sọ ìwà ẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí i láéláé, kí wọ́n tó wá fi í lé ẹni náà lórí. Tí Àbíjà bá ń pe ọfọ̀, tàbí Bàbá Lérè Páímọ̀, ẹ̀ ń gbọ́ ìdí tí nǹkan náà fi gbọ́dọ̀ ṣẹ, orí yín á wú kí kọ̀ǹpútà tó ju iná kankan. Nísinsìnyí iná kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Àwọn òṣèré ọ̀dọ́ ò jẹ̀bi ẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, tí wọn ò bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n kàn ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n bínú, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ohun tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni. Nígbà tí Bàbá Adébáyọ̀ Fálétí wà nínú Ṣaworoidẹ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábà, gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti jáde lèèyàn máa ń fetí sílẹ̀, akéwì ni bàbá, òǹkọ̀wé ni, èdè ti wà nínú wọn kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà síwájú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá ní irú wọn lóko fíìmù, ibi tẹ́ ẹ ti ń yà á, ẹ wá olùkọ́ Yorùbá kan kó jókòó tì yín lóko yẹn kó máa tún un ṣe.

5. Ọ̀rọ̀ babaláwo. Nínú fíìmù yín, ẹni tó bá ti mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ pupa, agbárí, ẹ̀jẹ̀, òògùn owó, ó parí, pásítọ̀ á sì wá mú un balẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ máa bọ Ifá, ilé ẹlẹ́sìn ni mo ti wá. Àmọ́ ẹ rántí pé Olóyè Hubert Ògúnǹdé, ẹni tó dá ẹgbẹ́ tíátà alárìnjó tiwọn sílẹ̀ láti 1945, nígbà tí bàbá gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí bàbá fúnra wọn ṣe nínú ẹ̀, oníṣẹ̀gùn tó ń gba aráàlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́ ni. Ìjà ire àti ibi wà nínú ilé ìṣẹ̀ṣe náà, bó ṣe wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ẹgbẹ́ kan ibi, ẹgbẹ́ kan ire, torí pé ìyẹn rọrùn láti kọ. Lọ́dún 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde òfin lórí gbígbé òògùn owó àti sìgá lárugẹ nínú fíìmù, ọ̀pọ̀ yín bínú, ẹ ní wọ́n fẹ́ dí yín lẹ́nu. Èmi náà ò fẹ́ kí ìjọba máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bi wá léèrè nínú ìtàn yín pé kí ló ń mú ọmọ ogún ọdún débi tó máa gé orí èèyàn, ẹni tó máa sọ pé ẹ̀ ń gbé e lárugẹ ò bá má sí. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi hàn wá ni ilé tuntun, mọ́tò tuntun, ijó lágbo fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí orí ẹ̀ tó wá dàrú ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn.

6. Subtitle yín ò ṣeé kà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston fẹ́ wo fíìmù pẹ̀lú òbí wọn, ohun tí wọ́n ń kà nísàlẹ̀ ò bá ohun tí ẹnu ń sọ mu, wọ́n á ní ká bá àwọn yí i kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kà á kó tó jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn náà, jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ máa dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

7. Sinimá jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sókè ni tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, láìtíì ra gúgúrú, láìtíì wọ mọ́tò. Ẹni tó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí Ṣakí, ṣé kó wá Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn wá nítorí fíìmù kan ni? Ògúnǹdé ò dúró kí ìlú wá bá òun, ọkọ̀ ni wọ́n ń kó wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá lè yá gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé méjì lóṣù, kẹ́ ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ èèyàn, a ó kún ibẹ̀.

Ó dáa. Ohun tí mo ń béèrè rèé, mo sì gbà pé agbára ẹgbẹ́ ká a:

a. Kí orúkọ ẹni tó kọ ìtàn wà lórí pósítà gbogbo fíìmù, lẹ́tà tó tóbi bíi ti dírẹ́tọ̀. Lónìí ẹ lè wo pósítà mẹ́wàá kẹ́ ẹ má rí akọ̀wé kan. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níta, ojú á tì í láti kọ ìranù.

b. Kí ẹgbẹ́ ṣòfin iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún akọ̀wé, kí wọ́n sì san án kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Mo mọ àwọn ọmọ tó ń kọ ìtàn fún yín, a jọ ń gbé àdúgbò ni. Wọ́n á gba owó tí ò tó ra fóònù, ẹ ó ní kí wọ́n kọ script mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí fíìmù bá wá jáde, orúkọ pródúsà ni wọ́n kọ síbi “ìtàn láti ọwọ́”. Ọmọ yẹn, ṣé ìdí ẹ̀ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá míì fẹ́ ti jáde? Èyí ni mo fi sípò kìíní nínú ọkàn mi, tẹ́ ò bá lè ṣe ìkankan nínú ìyókù, ẹ ṣe èyí.

d. Kí fíìmù tó bá ní apá kejì kọ ọ́ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú orúkọ ẹ̀, kó má jẹ́ ìgbà tá a bá wò ó dé ìparí la máa mọ̀.

e. Kí ẹgbẹ́ fìyà jẹ ẹni tó bá yí orúkọ fíìmù àtijọ́ padà láti fi tà á lẹ́ẹ̀kejì.

ẹ. Kí olùkọ́ èdè wà lóko gbogbo fíìmù ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá iṣẹ́, yunifásítì kún fún wọn.

f. Kẹ́ ẹ dẹ́kun dídí òǹwòran lọ́nà torí pé ó sọ èrò ẹ̀. Ẹni tó bá bú ìyá yín, ẹ dí i lọ́nà, ó tọ́. Ẹni tó ní ìtàn ò dọ́gba, ẹ dá a lóhùn tàbí kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ẹ ti ní ìpàdé gbogbogbòò yín, ẹ ní àwọn aláṣẹ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú wọn, pàápàá b yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí fún wa ní gbangba kí December tó dé, kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá síbi tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹwòran kan láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn